Orin Bàbá Kò Ní Kú Sínú Kọ̀ǹpútà

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Àdúgbò Ìsọ̀kùn,
                                        Iléṣà.
                                        9 Oṣù Bélú, 2024.

Kifayat Àgbékẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ Zulkifli ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọjà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Fìà, àbí àwọn ọlọ́kadà ti gba ẹnu ọ̀nà yín tán? Àwa níbí ń dúpẹ́. Bàbá mi ń kí ọ, ara wọn le, àfi ọwọ́ wọn tó ṣì ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé o máa béèrè ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ náà gùn ni, mi ò sì fẹ́ kí o máa já lu ọ̀rọ̀ mi bí o ti máa ń ṣe.

O rántí pé ogójì ọdún ni Bàbá fi jẹ́ ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa. Orin tí wọ́n fúnra wọn ṣe jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́jọ. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀, dò-rè-mí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ wọ́n sí, ikán ti jẹ ẹ́. Ohùn òkè nìkan ni wọ́n sì rántí báyìí, áàtò, tẹ́nọ̀ àti báàsì ti sá lọ lórí wọn. Ìkórè wa di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, Bándélé tó jẹ́ ọ̀gá akọrin tuntun sì sọ pé bí orin Bàbá ò bá jáde kó tó di ọjọ́ kẹwàá, orin ẹlòmíràn ni àwọn máa kọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Bàbá. Mo ní kò ṣeé ṣe, wọn ò ní jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n máa gbọ́ orin olórin.

Ààrá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òjò kan rọ̀ lóṣù kẹsàn-án, ààrá sán, gbogbo ihò tí a ń ki fláàṣì bọ̀ lára kọ̀ǹpútà náà sì jó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù àti máòsì rẹ̀ ní ihò tiwọn lọ́tọ̀. Ó ti darúgbó débi pé ímeèlì ò ṣí lórí rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni okùn tó so ó mọ́ àpótí Wáífáì: kí lápútọ́ọ̀pù mi gba ibẹ̀ kó fáìlì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Wíńdóòsì àtijọ́ ló ń darí ti Bàbá, Ùbúńtù, ètò mìíràn, ló ń darí tèmi. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà, wọn ò rí ara wọn.

Barnabas àbúrò mi wá láti Ìbàdàn, ó gbé lápútọ́ọ̀pù Ápù rẹ̀ olówó ńlá dání. Kò lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ nídìí rẹ̀ tó fi ní kí á gbàgbé ẹ̀, pé òun á ra tuntun fún Bàbá. Bí ẹni pé orin wà nínú tuntun! Bọ́lárìnwá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, kí òun fọ́mátì ẹ̀. Bàbá ní ó tì, nítorí ìgbà kan tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ irú wọn rí, orin mọ́kànlélógún ló pa rẹ́ tí wọ́n tún tẹ̀. Mo ní èmi á ṣe é. Barnabas bú sẹ́rìn-ín, ó ní aránṣọ ni mí, kí ni mo mọ̀. Inú bí mi, Kifayat. Ta ló ń tú aṣọ tí ẹlòmíràn ti bà jẹ́ tó sì ń tún un rán, bí kò ṣe aránṣọ? Ọmọ Òṣómàáló sì ni mí. Bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó jẹ gbèsè títí wọ́n fi dá a lóhùn, èmi náà gbé àpótí ìjókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ní a jọ máa wà níbẹ̀ ni.

O ṣeun fún ohun tí o kọ́ mi lórí fóònù nípa bí kọ̀ǹpútà méjèèjì á ṣe rí ara wọn. Òótọ́ lo sọ, kọ̀ǹpútà Bàbá rò pé ìta gbangba lòun wà, ló ṣe ń fara pamọ́. Mo yí i padà pé inú ilé ló wà. Mo pa orúkọ kọ̀ǹpútà náà tì, nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ ni mo tẹ̀ sórí lápútọ́ọ̀pù mi, fódà orin sì yọjú. Mo pariwo. Ìgbà tí mo ní kí n ṣí i, ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ Bàbá ò fi páásíwọ́ọ̀dù kankan síbẹ̀ rí. Mo fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó kọ̀. Mo tẹ orúkọ Bàbá, ó kọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ gbogbo orúkọ tó wà nínú ilé yìí, títí kan ti ewúrẹ́ wa.

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo tó kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kọ̀ǹpútà tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù, ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ nìkan ló ń ṣí fún. Ẹni tó bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá, kò ní dá a lóhùn. O sì mọ ilé wa. Láti kékeré, kò sí yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, torí Bàbá ní ọmọ ìyá kì í tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá. Mo ní kí á fi páásíwọ́ọ̀dù sí i. Wọ́n ní láéláé.

“Phebe, o rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi rí?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ ò fẹ́ tilẹ̀kùn, orin yín sì wà látìmọ́lé. Èwo lẹ fẹ́?”

Wọ́n bínú wọ yàrá wọn lọ. Ó dùn mí pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kó o jẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo jí bá wọn nídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ń gbọ̀n, wọ́n ń kùn lábẹ́ ẹnu, wọ́n ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Páásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n ń fi sí i! Dò-rè-mí ìbẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n ṣe fún màmá mi nígbà ìgbéyàwó wọn ni. Wọ́n wá gba ìwé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní àwọn ti tilẹ̀kùn bí ẹ̀rọ ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí tèmi, fódà ṣí. Mo kà wọ́n, mẹ́tàlélọ́gọ́jọ, ó pé. Mo sunkún, mi ò tijú.

Barnabas gbọ́, ó ń pariwo lórí fóònù pé a kì í lẹ páásíwọ́ọ̀dù síta gbangba. Mo ní kó wá láti Ìbàdàn kó wá ya á. Lánàá, Bándélé wá gba ìwé orin. Ó rí ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà, kó tó jókòó, ó ti kọ ọ́ lórin. Bàbá di ìwé tí mo tẹ̀ jáde mú, wọ́n ń wo ojú ìwé, wọ́n sì fi báàsì gbè é.

Bá mi kí Zulkifli àti àwọn ọmọ. Gbogbo yín ni mo ń retí ní Ìkórè, oúnjẹ Ìkórè ò mọ mùsùlùmí yàtọ̀. Bàbá ní ọmọ ìyá ni ìwọ náà, kí n má jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọ. Páásíwọ́ọ̀dù náà rèé: ssmrdls. Kọ ọ́ lórin kí o tó tẹ̀ ẹ́.

                                        Èmi ni, aránṣọ tí kò gbà,
                                        Phebe.