Ọ̀dà Etí Ọkọ̀ Wa

Jethro ọmọ mi,

Mo ti ra ọ̀dà etí ọkọ̀ ojú omi wa, pupa àti funfun. Mo mọ̀ pé aláwọ̀ eérú lo fẹ́, má bínú. Ọlọ́dà fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí, ó ní, "Ìyá Enid, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ kùn, àbí ilé ọkọ lẹ tún ń lọ?" Mo ní, "Méjèèjì!" Òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé, torí mo ti máa ń sùn kí o tó dé. Funfun ni bàbá rẹ máa ń fi kun etí ọkọ̀ nígbà ayé rẹ̀, kí ẹni tó pẹ́ dé lálẹ́ lè ríbi tẹ̀. Orin ni mo ń kọ tí mo fi kun apá ọ̀tún tán láàárọ̀. Kò tíì gbẹ o. Mo fi apá òsì sílẹ̀ dè ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì méjì ni mo rà.