Bàtà Ọ̀tún Méjì Tí Wọ́n Bá Aránbàtà Tún Ṣe

Ṣọ́ọ̀bù Bàtà Ẹsẹ̀-Ò-Dọ́gba,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Kẹrin.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Agbẹ́jọ́ Àwọn Òǹtajà,
Ọjà Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì,
Àjà Kẹta, Ilé Onídígí.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ ṢÍ ÀPÓTÍ Ọ̀RỌ̀ MI KÍ ỌJỌ́ KỌKÀNLÁ OṢÙ YÌÍ TÓ PÉ

1. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Aránbàtà ni mí, ọjà yín sì ni mo ti ń tà láti ọdún mẹ́jọ. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan tóbi ju èkejì lọ ni mò ń rán bàtà fún. Oníbàárà á gbé ẹsẹ̀ lé bébà, á fi bírò yí i po, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí láìmọ̀. Àìsàn ìgbà èwe ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dàgbà. Bàtà mẹ́rin ni ẹsẹ̀ méjì rẹ̀ máa ń rà, àwọn méjì tí kò bá a mu á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, títí yóò fi kó wọn dànù. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìka ò dọ́gba. Kò sẹ́ni tó rántí ẹsẹ̀.

2. Ní oṣù kẹjọ, èèyàn méjì ra irú bàtà búráùn kan náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì: òsì rẹ̀ 38, ọ̀tún rẹ̀ 41. Èkejì jẹ́ télọ̀: òsì tirẹ̀ 41, ọ̀tún 38. Ẹ̀yin kì í fi ẹrù ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè tí ìkankan wọn ń gbé. Nítorí náà, àdírẹ́sì oníkágò kan, tó ń bá èèyàn kó ẹrù lọ sókè òkun, ni àwọn méjèèjì fún mi. Mo di bàtà kálukú sínú páálí tirẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀. N kò kọ ọ́ sára páálí pé mo mọ̀ọ́mọ̀ rán an bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì gbà á.

3. Ọkùnrin kan wà ní ilé oníkágò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títú páálí, kí ó lè tún ẹrù dì kó má gba àyè púpọ̀. Ó tú méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ó rí kékeré kan, ńlá kan. Ó tú èkejì, ó tún rí ńlá kan, kékeré kan. Ó rò pé mo ṣì wọ́n dì ni, àánú mi sì ṣe é. Ó kó kékeré méjì pọ̀, ó kó ńlá méjì pọ̀, ó nù wọ́n kí wọ́n dán, ó sì so okùn wọn dáadáa. Bí tíṣà ṣe gba kékeré méjì nìyẹn, tí télọ̀ gba ńlá méjì. Bàtà òsì bá kálukú mu rẹ́gí. Ọ̀tún ti tíṣà kò wọlé; ọ̀tún ti télọ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

4. Wọ́n kọ̀wé sí yín, wọ́n sì fi fọ́tò sí i. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Lẹ́tà yín àkọ́kọ́ sọ fún wọn pé ẹ wo fọ́tò náà fínnífínní, bàtà dọ́gba, ẹ ò rí àléébù kankan. Lẹ́tà yín kejì sọ fún èmi pé bàtà tí mo fi ránṣẹ́ kò jọ èyí tí mo pàtẹ, pé ohunkóhun tó bá ṣe ẹrù lọ́dọ̀ oníkágò, ọrùn òǹtajà ló wà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, àti àpótí ọ̀rọ̀ mi tí èmi àti oníbàárà fi ń kọ̀wé síra wa lórí ọjà yín. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. N kò fi òwe yìí bá yín wí o. Ó kàn ń sọ sí mi lọ́kàn láti ọjọ́ náà ni.

5. Mo wọ ọkọ̀ méjì lọ bá oníkágò. Kí n tó la ẹnu, ọkùnrin tó ń tú páálí náà ti ń rẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá aránbàtà, mo ti bá yín tún un ṣe o. Ẹ máa yẹ iṣẹ́ yín wò kẹ́ ẹ tó dì í.” Ó ń retí kí n dúpẹ́. Mo tẹ́ bébà ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì síwájú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì rọra jókòó sórí páálí. Èmi tí mo fi ìbínú jáde nílé, èmi náà ni mo tún ń pẹ̀tù sí i nínú. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ṣe é, ó sì ti gbà láti bá wọn pààrọ̀ bàtà ọ̀tún náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

6. Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, ilé-ẹ̀kọ́ tí tíṣà ti kọ́ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n máa fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá ìkàwé. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ni wọ́n ń gùn débẹ̀, ó sì fẹ́ gùn ún láì di ẹnikẹ́ni mú. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí mi kẹ́yìn, kí ẹ tó ti àpótí náà, ni pé kí n má ṣèyọnu, ó ti mọ́ òun lára, òun máa wọ sálúbàtà; pé bí òun bá ń tún ilé ṣe lọ́jọ́ kọkànlá oṣù yìí, òun á kó bàtà tí kò wọlé yẹn dànù. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bàtà télọ̀ ló fẹ́ kó dànù yẹn! Tirẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ télọ̀. Oníkágò ti kọ̀wé sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ ti kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí kò bá gba àpótí yín wá, ti gbájúẹ̀ ni. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n gbọ́ràn sí yín lẹ́nu.

7. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àpótí ọ̀rọ̀ mi, bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní títì títí ẹ ó fi gbọ́ ẹjọ́ mi tán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì jókòó lé e lórí, kí Alága kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé bébà, kí wọ́n fi bírò yí wọn po. Bí wọ́n bá dọ́gba, kí ẹ máa dá ẹjọ́ yín lọ.

8. Bí ẹ kò bá lè ṣí ohunkóhun, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí rán sí tíṣà àti télọ̀, n kò ní béèrè ohun mìíràn: bàtà ọ̀tún tí kò bá yín mu yẹn, ẹsẹ̀ ẹnìkan ń dúró dè é, tiyín náà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tó jókòó ti àpótí títì,

Aránbàtà Ẹsẹ̀-Ò-Dọ́gba
(Olùdásílẹ̀, òṣìṣẹ́ àti agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà)