Ọjọ́ Mẹ́sàn-án fún Òkú Inú Géèmù

                                        Ilé kẹta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Igkawayan, Tibiao,
                                        Antique.
                                        20 Oṣù Kọkànlá, 2023.

Siyang, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Fi ọ̀bẹ ẹja yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ. Nu ọwọ́, jókòó, kí o gbọ́ mi dáadáa. Ìwọ ọmọ tí ò ń ka ìwé yìí fún un, gbóhùn sókè, má sì fo ibì kankan, nítorí màá bi í léèrè.

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún ńkọ́? Ṣé epo àgbọn tí mo fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àbí àkùkọ rẹ̀ ló ṣì ń bá sọ̀rọ̀ jù ọ́ lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti Junjun olóyè ilé? Ìjì tó jà, ṣé kò ká òrùlé yín? Tiwa níbí, ó ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, ó sì wó òpó fóònù tó wà lórí òkè. Iná ti padà dé, ṣùgbọ́n ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí tí fóònù ò tíì sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé bí ayé àtijọ́. Dindo, ọmọ Rowena, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó níbi tí kò ní fẹ́ kọ. Yóò kọ ọ́.

Ìwọ lo bi mí kí ìjì tó dé, pé Junjun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń fi géèmù pa ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́, pé ṣé kí o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ àbí kí o máa wò ó. Mi ò dá ọ lóhùn nígbà yẹn, torí èmi náà ní tèmi nílé. Ní báyìí èsì ti wà lọ́wọ́ mi.

O rántí pé Rowena ọmọ mi wà ní Hong Kong, tó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan níbẹ̀. Ó di ọdún mẹ́ta tí kò wálé. Nínú oṣù Kẹsàn-án ni páálí ẹrù rẹ̀ dé: ọṣẹ, ẹja inú agolo, bàtà tèmi, àti ẹ̀rọ géèmù pẹ̀lú àwo géèmù kan tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Dindo ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún àti Rhealyn ọmọ ọdún mọ́kànlá. Rhealyn gbé ẹ̀rọ náà mọ́ra sùn. Kì í ṣe géèmù ló gbé mọ́ra, Siyang. Ìyá rẹ̀ ni.

Mo rí nọ́ńbà lára ìdì àwo náà. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ta ẹja mọ nọ́ńbà. Méjìdínlógún ni. Mo ní kí lèyí ń ṣe níbí? Rhealyn ní, “Iye géèmù tó wà nínú ẹ̀ ni, Màmá Àgbà.” Ọmọ yìí! Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Àfìgbà tí Ludivina, àkọ́bí mi tó jẹ́ tíṣà, yà sílé wa lẹ́yìn Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday tó kọjá lọ́hùn-ún. Ó rí nọ́ńbà yẹn, ó figbe ta.

“Màmá, ọjọ́ orí nìyẹn o! Ẹni tí ò bá tíì pé méjìdínlógún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Ẹ gbé e wá, odò ni mò ń jù ú sí.”

Rhealyn dì mọ́ ẹ̀rọ. “Màmá mi ló rà á fún mi! Ẹ̀yin ò ra nǹkan kan fún mi rí!”

“Bàtà iléèwé ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́? Ẹja ló bì í síbẹ̀?”

Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní mi ò kí ń bú ọbẹ̀ tí mi ò tíì tọ́ wò. Mo fa àga síwájú tẹlifíṣàn, mo ní, “Ẹ ṣe é kí n rí.”

Kí n má parọ́, ó dùn ún wò. Igi ń mì, omi ń ṣàn. Ọmọ ogun Dindo gbé ìbọn wọ abúlé kan. Ọkùnrin kan dúró létí kànga. Pà! Ó ṣubú. Dindo gba orí ẹ̀ kọjá.

Mo ní, “Dúró ńbẹ̀. Ta nìyẹn?”

“Kò lórúkọ, Màmá Àgbà.”

“Kí ló fi ṣe ẹ́?”

“Ó dúró sọ́nà ni.”

“Ìyá ẹ̀ ló ń pè yẹn, àbí etí mi ni?”

“Màmá Àgbà, kì í ṣe èèyàn. Àwòrán ni.”

“Tí kì í bá ṣe èèyàn, kí ló ń sunkún sí?”

Ẹnu rẹ̀ pa mọ́. Kọ ọ́, Dindo. Kọ ọ́ pé ẹnu ẹ pa mọ́.

O mọ iṣẹ́ mi, Siyang. Ogójì ọdún ni mo ti ń darí àdúrà òkú nílùú yìí, ọjọ́ mẹ́sàn-án fún òkú kọ̀ọ̀kan. Mo gbà á fún ọ̀mùtí tó bọ́ sómi. Mo gbà á fún àjèjì tí òkun gbé wá sétí omi wa, tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Kò sẹ́ni tó kú lójú mi tó lọ lófo. Mo bá ṣòfin: ẹni tí ẹ bá pa, ẹ kúnlẹ̀ gbàdúrà fún un kí ẹ tó tún gbẹ́sẹ̀. Bàbá Wa kan, Mo Kí Ọ Màríà kan.

Háà, ká ní o wà ńbẹ̀! Ìbọn á dún pà, wọ́n á kúnlẹ̀. Pà, wọ́n á tún kúnlẹ̀. Kí Dindo tó la abúlé náà já, ó ti sin òkú mẹ́tàlélógún, orúnkún rẹ̀ ti pọ́n bí ata. Nígbà tó yá, ló bá ń sá pamọ́ sẹ́yìn igi, ó ń yọ́ rìn, kó má baà rẹ́ni pa! Ludivina tó fẹ́ bínú kọjú sí ògiri, mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì.

Ó wá kan Rhealyn. Ó yìnbọn fún ọdẹ ojú ọ̀nà kan, ó yẹ àpò rẹ̀ wò, ó bá fọ́tò ọmọbìnrin kékeré kan níbẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ó nàka sí i. Ó ní, “Màmá Àgbà, ọmọ yìí ń retí bàbá ẹ̀.” Ni ẹkún bá bẹ̀rẹ̀.

Inú ẹkún yẹn ló ti jẹ́wọ́. Láti ìgbà tí géèmù yìí ti dé, kò lè dá lọ sídìí kànga ẹ̀yìnkùlé mọ́, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, torí ọkùnrin tí wọ́n ń pa létí kànga yẹn. Èmi rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, mo tilẹ̀ ti nà án! Mo ní kí ló dé tí kò sọ? Ó ní, “Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi. Tí Màmá bá sì gbọ́, wọ́n á rò pé mi ò fẹ́ nǹkan tí wọ́n rà fún mi.”

Ó tún ní: “A ò ní ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án fún bàbá ọmọ inú fọ́tò yẹn ni?”

Mo ní a ó ṣe é.

O mọ ohùn mi, kì í ṣe ohùn abẹ́ aṣọ. Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an, bí a ti mú àdúrà bọnu, Pacing aládùúgbò wa ti dé, kọfí lọ́wọ́, búrẹ́dì lábíyá, ó ti ń sunkún bọ̀ láti ìta: “Yéè! Ta ló kú o?” Mo wà láàárín Mo Kí Ọ Màríà, mi ò lè dáhùn. Ó gbé kọfí kalẹ̀, ó sunkún tẹ́rùn, ó lọ di ẹrù rẹ̀, torí ìdájí ló fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iloilo. Kò dúró gbọ́ àlàyé, kò sì tíì dé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ogún èèyàn ló ti wà lágbàlá wa. Mo sọ òótọ́ fún wọn pé inú géèmù lòkú wa wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ta ló padà sílé? Bàbá Isko ní òkú tí kò béèrè pósí, tí kò béèrè sàréè, tó tún pe èèyàn wá mu kọfí, òun ò rírú ẹ̀ rí.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìrẹsì inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí iná, mo ti pa adìyẹ méjì.

Gbọ́ èsì mi wàyí. Ẹni tó kọ méjìdínlógún sára àwo yẹn kò ṣàṣìṣe. Àwo náà ti wà lẹ́yìn ère ẹni mímọ́ San Roque. Tí Dindo bá pé méjìdínlógún lóṣù Karùn-ún, kó wá gbà á. Ó bi mí bóyá òun á ṣì máa kúnlẹ̀ nígbà náà. Mo ní ìyẹn di àárín òun àti orúnkún rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣì jẹ́ ti Rhealyn, a ó wá àwo eléré bọ́ọ̀lù sí i. Ní ti Junjun, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ má kọ́kọ́ já a gbà. Fa àga, jókòó tì í, bi í pé ta nìyẹn, kí ló ṣe. Ohun tó ń ba ọmọdé lẹ́rù, kì í wí. Àfi kéèyàn jókòó tì í kó tó rí i.

Ohun kan ló kù tó ń já mi láyà. Bí fóònù bá jí, báwo ni màá ṣe sọ fún Rowena pé ẹ̀bùn tó fi òógùn ojú rà, mo ti fi pamọ́ sẹ́yìn ère? Rhealyn bẹ̀ mí kí n má sọ. Mo rò pé màá

Siyang, Dindo ju bírò sílẹ̀, ó sá jáde, ó sì ti padà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Rowena ló sọ̀! Báàgì kan ṣoṣo, aṣọ dúdú láti òkè délẹ̀, ojú wú. Pacing ti pe ọmọ rẹ̀ ní Hong Kong láti Iloilo pé a ń ṣàdúrà òkú nílé wa, ọmọ náà sọ fún Rowena, ó pe fóònù wa, kò lọ. Rowena rí àwọn èèyàn lágbàlá, ó rí kọfí, ó ṣubú lulẹ̀: “Màmá mi o!”

Mo ní, “Rowena, èmi rèé. Dìde, wàá ta kọfí èèyàn dànù.”

Ó wò mí. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹran ni. Ó gbá mi léjìká gbì, ó tún dì mọ́ mi. “Ta ló wá kú, Màmá?”

Rhealyn jáde láti ilé ìdáná, ó di ìyá rẹ̀ níbàdí mú, ó ki ojú bọ inú aṣọ dúdú yẹn.

“Ọkùnrin kan ni, Màmá. Èmi ni mo pa á.”

Dindo ò fẹ́ kọ mọ́, ìyá rẹ̀ ń pè é, mi ò sì bá a wí. Bá mi kí ọkọ rẹ, àkùkọ rẹ̀, àti gbogbo ilé. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sísàlẹ̀ yìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì kú,

Ising.