Mo Ti Tú Náílọ́ọ̀nù Ikùn Mi

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Ikọ́ màmá wa ti lọ. Iṣẹ́ télọ̀ ọkọ mi ń lọ dáadáa.

Ojú ń tì mí o. Náílọ́ọ̀nù tí ẹ ní kí n máa wé mọ́ ikùn kí ọ̀rá lè yọ́, mo wé e fún oṣù kan, n ò sì jẹ oúnjẹ àárọ̀. Tí mo bá rìn, á máa dún, ọkọ mi á máa wá eku kiri ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ mi nídìí áyọ́ọ̀nù, mo ṣubú, ọkọ mi sì gbé mi lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó rí náílọ́ọ̀nù náà rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, omi lásán ni òógùn tí ò ń là. Ọ̀rá kì í bá òógùn jáde. Máa jẹun níwọ̀nba, kí o sì máa rìn."

Mo tú u. Mo dín epo àti ṣúgà kù, ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọkọ mi fi téèpù wọ̀n mí, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Ta ló jí ìyàwó mi gbé?" Íǹṣì mẹ́ta ti lọ! Ó ń dín aṣọ ìgbéyàwó mi kù bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní nínú lẹ́tà yín pé òòyì ń kọ́ ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú tiyín lónìí. Ẹ fi okùn wọn ìbàdí yín, ẹ fi ránṣẹ́. Ọkọ mi á rán aṣọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fa ikùn wọlé o! Ọlọ́run á fi àlàáfíà kẹ́ yín.

Àbúrò yín,
Ìyàwó Télọ̀