Ibùsùn Kejì Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Okun o, Gbémiga. Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ.

Ọdún márùn-ún rèé, a sì tún ti pé sí ojú oórì rẹ lẹ́yìn ilé. Àwa ọmọ ìyá rẹ wà níbí, àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ wà níbí, Àlàájì Tájù ọ̀rẹ́ rẹ ti dé láti àárọ̀. Gbogbo wa la pé, àfi ẹnì kan. Elizabeth ìyàwó rẹ ò sí níbí. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jà, ó ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ bíi pé òní ò yàtọ̀ sí àná. Ó ní òun ò wá. Èmi Lucy ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n ọ́, èmi ni ilé ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀, mi ò sì ní í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ìyàwó rẹ ń bínú sí ọ, ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Jẹ́ n kọ́kọ́ jábọ̀ ilé ná. Ilé tó o fi sílẹ̀ láìlórùlé ti parí, Ọlọ́runlékè ọmọ rẹ ló gbìyànjú ẹ̀ láti Ìlú Ọba tó wà. Delight ọmọ-ọmọ rẹ, tó ń rá nílẹ̀ nígbà tó o lọ, ti ń ka Bíbélì fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀bù Elizabeth ò kú, ó tiẹ̀ ti gba ojúlé kejì mọ́ ọn. Igi kajú tó o gbìn ti ń so, àwọn ọmọ àdúgbò ò sì jẹ́ kó pọ́n kí wọ́n tó ká a. Tájù ṣì ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Àga tó kọjú sí tìrẹ ló ń jókòó sí, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí tìrẹ.

Orí àga rẹ yẹn la ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. O ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà tí Lékè kọ́kọ́ ní kó o wá bá òun wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́, odidi ilé alájà rẹpẹtẹ tó ń rìn lórí òkun. Láti ọdún náà ló ti di ọdọọdún. Bó o bá ti dé báyìí, gbogbo àdúgbò di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ò rí omi tó ju ti Lọ́kọ́ja lọ rí, o ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan yàrá nínú ọkọ̀ òkun. Bàbá Oníṣíìpù ni wọ́n ń pè ọ́, ó sì ń dùn mọ́ ọ.

O ní ká má gba yàrá níwájú ọkọ̀, ká má gbà á nídìí ẹ̀. Àárín gbùngbùn, nísàlẹ̀, ló dáa, torí ibẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. O ní ká sá fún yàrá tó wà lábẹ́ ilé ìdáná tàbí lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó, torí wọn á máa wọ́ àga lórí ẹni. O ní ká dé ìlú èbúté lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí ọkọ̀ yẹn ò mọ ìjòyè, kò mọ tálákà, bí àsìkò bá ti tó, ó lọ nìyẹn. Oògùn ẹni, ìwé ìrìnnà ẹni àti aṣọ ìpààrọ̀ kan, o ní inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà, torí àpótí ńlá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbà á, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó tẹ ẹni lọ́wọ́. O ní ká má bu oúnjẹ àkọ́kọ́ bí ẹni tó ti ìyàn bọ̀, torí oúnjẹ ibẹ̀ kì í tán. Àwọn tó ń fi tówẹ̀lì gba àga sílẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n á tún padà lọ sùn, o bú wọn títí tá a fi rò pé ìbátan wa ni wọ́n.

Ti òòyì ojú omi ló wá pọ̀ jù. O ní bí ìgbì bá dìde, àgbà òyìnbó a máa bì bí ọmọ ọwọ́. O ní kéèyàn jókòó síta, kó tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, kó má jẹ ọlọ́ràá, kó máa jẹ atalẹ̀ gbígbẹ díẹ̀díẹ̀. O ń sọ ọ́, o sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Tájù bi ọ́ pé ìwọ ńkọ́, ṣé ó ṣe ọ́ rí. O rẹ́rìn-ín, o ní ìgbì mọ àwa ọmọ Owé, ará Kàbbà.

Atalẹ̀ yẹn, ta ló ń gbẹ ẹ́? Elizabeth ni. Bó bá ti ku díẹ̀ kó o lọ, á ní kí wọ́n ra èyí tó dáa bọ̀ láti Ìyàmọyè. Á fọ̀ ọ́, á gé e wẹ́wẹ́, á sá a sóòrùn, á jókòó tì í nítorí adìyẹ, á wá rọ ọ́ sínú ìgò. O ní ẹ̀bùn ni fún àwọn tẹ́ ẹ jọ wọkọ̀, torí ọmọ Kàbbà kì í rìnrìn àjò lọ́wọ́ òfo. Ó gbà ọ́ gbọ́. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àwọn òyìnbó ń jẹ atalẹ̀ òun lórí òkun.

Bó bá wá ní kó o mú òun dání lọ́dún tó ń bọ̀, wàá ní òkun ò gba irú ẹ̀. Wàá ní inú ẹ̀ ò le. Wàá ní orúnkún ẹ̀ ò lè gun àtẹ̀gùn. Wàá ní ẹ̀sín ni kí ìyàwó èèyàn máa bì láàárín àwọn àjèjì. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ó gbà pé òun ni òkun kọ̀.

Àrùn rọpárọsẹ̀ wá dá ọ gúnlẹ̀, gbogbo wa ló ṣojú ẹ̀. Elizabeth ló ń wẹ̀ ọ́. Òun ló ń nu itọ́ ẹnu rẹ, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ tó o bá tọ̀ sí, òun ló ń gbé abọ́ dání nígbà tó o bá ń bì. Kò jẹ́ kí èmi tí mo pọ̀n ọ́ pàápàá wọlé títí yóò fi bò ọ́ dáadáa.

Lọ́dún yìí ni Lékè ní dandan ni kí ìyá òun náà wọkọ̀. Elizabeth kọ̀, ó ní bàbá ẹ ti sọ ọ́, òkun ò gba òun. Lékè ò gbọ́, ó bá a gba físà. Nígbà tí ìyàwó wa rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti di dandan, bó o ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́ ló ṣe é. Àárín, nísàlẹ̀, ló ní kí wọ́n ti gba yàrá fún òun. Ó dé ìlú èbúté lọ́jọ́ tó ṣáájú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, ìgò atalẹ̀ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lóòótọ́ sì ni àpótí ò dé títí di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn mìíràn ń kiri láìrí oògùn wọn lò. Inú rẹ̀ dùn sí ọ, Gbémiga. Ó ní bàbá Lékè mọ ọkọ̀ yìí tinú-tẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn tó o fi ń dẹ́rù bà á ni kò rí lò: ẹ̀rọ ló ń gbé wọn ròkè, àwọn tí wọ́n ń tì lórí kẹ̀kẹ́ arọ pàápàá kún ibẹ̀. Ìyẹn ṣe é bákan, ṣùgbọ́n ó gbé e kúrò lọ́kàn.

Ìgbì wá dìde. Ilé oúnjẹ dá páropáro. Elizabeth jókòó, ó ń retí kí èébì gbé òun, bó o ṣe sọ fún un. Èébì ò gbé e. Ó jẹ búrẹ́dì, ó jẹ ẹyin, ó mu tíì, nǹkan kan ò ṣe é. Obìnrin tí ò rí òkun rí, ó ń rìn nínú ọkọ̀ tó ń mì lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń gba àárín oko ọkà lọ. Ó wá Lékè lọ sí yàrá tirẹ̀, ó bá a lórí ìdùbúlẹ̀, ó ń bì. Ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, ó gbé abọ́ sí i lẹ́nu, ó fún un ní atalẹ̀ jẹ. Ibẹ̀ ni Lékè ti là á mọ́lẹ̀, kò mọ̀ pé ìyá òun ò gbọ́ ọ rí. Ó ní bí Dádì ṣe máa ń ṣe gan-an nìyí.

Ó ní láti ọdún àkọ́kọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ti fi èbúté sílẹ̀, o ti dùbúlẹ̀ nìyẹn. Ìwọ lo jẹ gbogbo atalẹ̀ inú ìgò, òyìnbó kankan ò fi ẹnu kàn án. Ìgbà tí òkun bá rọ̀ lo tó máa ń jáde síta, wàá jókòó, wàá máa wo omi bí ọmọdé, ìyẹn náà ló sì ń mú kó o tún fẹ́ padà lọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó o fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ kọ́ wa, orí ìdùbúlẹ̀ lo ti kọ́ ọ.

Elizabeth gbọ́ ìyẹn, ó ṣì rẹ́rìn-ín. Ó wá bi Lékè léèrè ìdí tí ibùsùn méjì fi wà ní yàrá òun. Lékè ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, yàrá ẹni méjì ni wọ́n ń tà, ẹni tó bá dá wọ̀ ọ́, owó ẹni méjì ni wọ́n ń gbà. Ó ní ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì làwọn ọmọ ń pè lọ́dọọdún. Ó ní ọdọọdún náà ni Dádì ń ránṣẹ́ pé Mọ́mì ń bẹ̀rù omi, Mọ́mì ò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Gbémiga! Ibùsùn ìyàwó rẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe ń tẹ́ ẹ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó sùn sí i, Elizabeth sì wà ní Kàbbà tó ń lé adìyẹ nídìí atalẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́ látọjọ́ náà. Nígbà tó dé, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Ó ní ká ní obìnrin mìíràn ló wà nídìí ẹ̀ ni, òun ì bá mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n ìtìjú! Ojú ń tì ọ́ kí òun rí ọ níbi tó o ti ń bì. Òun tó padà wẹ̀ ọ́ bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ní kí n bá òun bi ọ́, ìtìjú wo lo rí pa mọ́ fún òun nígbẹ̀yìn? Ọdún tó dáa lo fi du òun, ìgbà tí ara òun ṣì le, tí ẹ ì bá fi jọ jókòó wo omi. Èyí tó burú lo fi sílẹ̀ fún òun.

Èmi mọ ibi tó o ti kọ́ ọ. Bàbá wa, bí ibà bá mú un, ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ sùn títí ara rẹ̀ á fi yá, kí ìyàwó má baà rí i níbi tó ti ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin ilé wa ń ṣe. Ìwọ ò rí ilé ìyá sá sí lórí òkun, lo bá fi ìyàwó sílé. Ìwà òmùgọ̀ ni, àbúrò mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wò ó, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó rẹ ti dé. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ ọjà ló wà lára rẹ̀, kò pààrọ̀. Tájù ti dìde fún un, ìyàwó rẹ ti jókòó, ó gbé ojú sí ibi igi kajú, kò wo ojú oórì rẹ.

A ṣì ń ṣàárò rẹ, Gbémiga. Ilé yìí ò gbàgbé rẹ. A fẹ́ràn rẹ, bá a tilẹ̀ ń bú ọ.

Ìyàwó rẹ ní kí n bá òun jíṣẹ́, torí òun ò tíì fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò tíì dárí jì ọ́. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun á tún lọ, òun sì ti kìlọ̀ fún Lékè pé kó má fi ẹnikẹ́ni sí ibùsùn kejì. Ó ní bó o bá lè wá, kó o wá. Ó ní òun á gbé abọ́ dání.