Ìwé Keje Tí Tahvo Ń Ròyìn Fún Gbogbo Wọ́ọ̀dù

Kerttu ọmọ mi,

Mo kí ọ o, kú òtútù, kú iṣẹ́, kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní Helsinki nínú ilé tó móoru, kó má bá ọ lórí àìsàn. Ara ìyá rẹ le, ajá wa ti bímọ, yìnyín adágún sì ti le débi tí mọ́tò ń gba orí rẹ̀ kọjá. Àmọ́ àyà èmi ń já, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, torí ìwọ lo kó mi sí i.

Ṣebí ìwọ lo ní nígbà Kérésì pé kí n ka Àwọn Olùṣọ́ Adágún Dúdú, pé mi ò ní lè gbé e sílẹ̀? Mo ní kí ni àgbà ọdẹ bíi tèmi fẹ́ fi ìtàn dírágónì ṣe. Ọmọ, mi ò lè gbé e sílẹ̀ lóòótọ́. Mo wá lọ ròyìn rẹ̀ fún Tahvo tí a jọ ń ṣọdẹ. O mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mò ń kà á sí i létí lọ́sàn-án lẹ́yìn tí a bá jáde ní sáúnà, ilé ooru tí a ti ń wẹ̀. Òun náà ròyìn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọdẹ, wọ́n sì ń bá ara wọn jà títí di òní lórí bóyá ó yẹ kí Irja, ọmọbìnrin inú ìwé náà, dárí ji dírágónì tó jó ilé ìyá rẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà; ìparí ìkẹfà ni Irja ti dá wà láàárín adágún, yìnyín ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jìn sómi, dírágónì ń bọ̀ lókè, ó tán. Mo ní kò burú, ìkeje dà? Mo sáré lọ bá Pirkko tó ń fi mọ́tò kó ìwé kiri abúlé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òǹkọ̀wé náà ò tíì kọ ọ́, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí gbogbo ayé ti ń retí ẹ̀. Háà, Kerttu! Ta ló ń ta màlúù fún èèyàn láì sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì sí? O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì ní kí n kà á!

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Dókítà ilé ìwòsàn ìlú Kajaani ní kí Tahvo wá ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn kíákíá, pé bó bá falẹ̀, ikú ni. Tahvo ní òun ò lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó máa la àyà òun nígbà tí òun ò tíì mọ̀ bóyá Irja jáde nínú omi. Elma ìyàwó rẹ̀ sunkún, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, Tahvo ní kí pásítọ̀ lọ wá ìwé keje wá ná.

Mo ní n óò bẹ òǹkọ̀wé náà fúnra mi. Mo lọ sí ojúlé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú kọ̀ǹpútà Pirkko, mo ro ẹjọ́ Tahvo. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló dáhùn, ó ní o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ ṣe pàtàkì sí mi. Inú mi dùn, mo ní ẹ ṣé mà, ṣé ọmọ náà yè? Ó ní o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ ṣe pàtàkì sí mi. Mo tún bi í, ohun kan náà ló sọ. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ara obìnrin náà ò yá. Ẹni tí ò lè sọ ju gbólóhùn kan lọ, báwo ló ṣe fẹ́ kọ ìwé? Àánú rẹ̀ ṣe mí. Elma ti hun ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo fi sínú àpò yìí, bá mi fún un.

Kí ni kí n wá ṣe? Mo gbé ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá Tahvo, torí òun nìkan ló nípọn tó, mo ní ìkeje ti dé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ìwé orin ni mo ṣí síwájú tí mò ń purọ́! Mo ní Irja dojú bolẹ̀ lórí yìnyín bí a ṣe ń kọ́ gbogbo ọmọ wa, ó fi ìṣó méjì tí a máa ń so kọ́rùn lọ sórí adágún gún yìnyín, ó wọ́ ara rẹ̀ jáde. Dírágónì bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Irja mú un wọ sáúnà, ó da omi sórí òkúta gbígbóná, nígbà tí ooru wọ ẹranko náà lára, kò tu iná lẹ́nu mọ́, àṣé òtútù ló ń mú un látọjọ́ yìí. Tahvo sunkún bí ọmọdé. Ó ní òun mọ̀, òun ti ń sọ ọ́ pé òtútù ni. Ó ní kí Elma di ẹrù òun.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, a dúpẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí rèé: Tahvo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, ó ń sọ fún gbogbo aláìsàn pé ẹni tí ò bá tíì ka ìkeje ò tíì kàwé, pé mẹ́fà ìṣáájú ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Pirkko. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tí dókítà tó la Tahvo láyà fi pe Pirkko, tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ sáúnà.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bébà àti bírò, torí Tahvo ní kí n wá kà á fún gbogbo wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sì rántí bí mo ṣe sọ ọ́ mọ́. Kí o sì wá òǹkọ̀wé náà kàn. Bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nítorí àìlera rẹ̀. Sọ fún un pé kó má bínú sí mi, kó pa ẹni tó bá wù ú nínú ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kó dákun fi dírágónì yẹn sílẹ̀ nínú sáúnà, torí Tahvo ti ń sùn dáadáa.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀, oúnjẹ ò ní wọ́n ọ. Ohunkóhun tí o bá bẹ̀rẹ̀ láyé, wàá parí ẹ̀ lójú àwọn tó ń dúró dè é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oiva