Yèyé Mi, Ẹ Gbé Ọlọ Yẹn Kúrò Nílẹ̀

Yèyé mi ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, ẹ kú ulé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí ẹ̀yin àgbà ilé, mo kí àbúrò mi Fúnkẹ́ tó ń ka ìwé yìí sí yín létí.

Yìnyín bo fèrèsé mi ní Jámánì níbí. Fúnkẹ́ sọ fún mi lórí fóònù lánàá pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà Adó kọ, tí mo rà níbí ránṣẹ́, ẹ ní ó le bí eegun, ẹ ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ ata, ẹ ń pò ó mọ́ ògì gbígbóná. Ó ní ẹ ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ní kí ẹ dẹ́kun, ẹ bi í bóyá òun ló bí yín, pé oògùn Ọládélé ni, àfi kí Ọládélé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Mo ti kọ ọ́ nìyí, orí fóònù Fúnkẹ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí kó lè tètè dé. Èmi tí n kò ka ju ìwé mẹ́ta lọ, tí àwọn ẹnjiníà Jámánì ń sáré wá bá bí ìró ẹ̀rọ wọn bá yí padà! Ní Ìkẹjà, ike bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi irú ẹ̀rọ yìí yọ́. Níbí, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn, oògùn yín gan-an ni. A ó da ìyẹ̀fun oògùn àti irú ike kan tó ṣeé jẹ sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Irin gígùn inú rẹ̀ ń yí, bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran, ó ń tì í gba inú ooru kọjá títí yóò fi yọ́ pọ̀, tí yóò jáde gbọọrọ bí okùn. Tó bá tutù, a gé e wẹ́wẹ́. Bí ooru bá pọ̀jù, oògùn á jó; imú mi ti mọ̀ kí aago wọn tó dún.

Ike yẹn ló di oògùn mú, kó lè máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdí tó fi le nìyẹn. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, ti odindi ọjọ́ kan á wọ ara yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, òòyì á gbé yín. Yèyé mi, ó lè pa yín.

Lẹ́tà mi ìṣáájú, ojú ewé mẹ́ta, bí mo ṣe jẹ́ ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ ni mo kọ kún un. Bí ẹ ó ṣe lò ó, n kò kọ ìlà kan. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ mọ̀ mí, n kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kí Fúnkẹ́ gbé yín lọ bá dókítà lónìí, kí ẹ tó lo òmíràn. Bí ó bá ní kí ẹ máa lò ó, odidi ni kí ẹ fi omi gbé mì. Bí kò bá ṣeé gbé mì, kó pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ní ọlọ nílé.

Níbí, ẹ̀rọ nìkan ni mò ń bá sọ èdè Èkìtì, kì í dáhùn. Ẹ má jẹ́ kó ku ẹ̀rọ nìkan fún mi.

Kí Ọlọ́run dá yín sí dè mí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Fúnkẹ́, bí o bá kà á tán, gbé ọlọ náà lọ sílé rẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọládélé